Ife Omi Tí Màmá Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, Pásítọ̀ dúró níwájú pósí, ó ní obìnrin yìí kò gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rí láyé, pé ìgbàgbọ́ nìkan ló fi dúró. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, torí kò sí irọ́ níbẹ̀. Màmá ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ọdún méje ló gbẹ́kẹ̀ lé, èmi ni mo sì ni ọwọ́ náà.

Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo ti gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ oríkì, kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, wọ́n ní i lọ́wọ́ jaburata. Èmi ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Inú ilé kan náà la jọ wà ní Nkololoun, àdúgbò kan ní Dúálà nílẹ̀ Kamẹrúùnù, orí ẹní rẹ̀ ni mo ń sùn títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì mọ ohun tí mo mọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá, Onítẹ̀bọmi láti ilé dé oko. Ọkọ rẹ̀ tó ń ta abọ́ tánganran ló mú un wá sí Dúálà nígbà tó ṣì ń pọn bàbá mi. Ọkọ kú, Màmá ò padà sílé mọ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣe. Ó ní àpò rọ́bà aláwọ̀ ewé kan tó máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Abẹ tuntun wà níbẹ̀ nínú bébà rẹ̀, òwú wà níbẹ̀, aṣọ funfun tó ti sè nínú omi gbígbóná náà wà níbẹ̀. Èékánná rẹ̀ kì í gùn. Láti Nkololoun títí dé ọjà ìlú wa tí wọ́n ń pè ní Dakar, ilé Yorùbá tí kò tíì gbẹ̀bí rí ò pọ̀, Mùsùlùmí ni o, Onígbàgbọ́ ni o.

Ìyàwó Alhaji kan tó ń ta aṣọ rọbí, ọmọ fẹsẹ̀ wá. Omi òjò ti kún ọ̀nà dé orúnkún, Màmá ká ìró sókè, ó gbé àpò rẹ̀ lé orí, ó wọ́ omi náà kọjá. Ọjọ́bọ̀ ló lọ, ọ̀sán Jímọ̀ ló tó padà dé. Ọmọ yè, ìyá yè. Alhaji fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì wa, ó ní kí ni òun máa fi san án. Màmá ò tilẹ̀ jókòó. "Ẹ dìde, Alhaji. Ọlọ́run ló bí i. Èmi kàn dúró síbẹ̀ ni."

Ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, á dá a padà. Tí wọ́n bá gbé ẹja wá, á dá a padà. Ẹ̀rù iṣẹ́ rere ń bà á bí ẹ̀rù olè ṣe ń ba ẹlòmíì. Ó ní tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ṣe fún Ọlọ́run, ó ti ń bá Ọlọ́run ná ọjà nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fi gbólóhùn yẹn yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi: Màmá mi kàn dúró síbẹ̀ ni, ọmọ á sì wá sáyé.

Òun ló kọ́ mi ní Yorùbá, kò sì fi ẹ̀rọ̀ kọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí Dúálà, Yorùbá tiwọn ń tiro. Wọ́n á kí ìyá wọn ní Faransé, wọ́n á bínú ní Píjìn, wọ́n á wá fi Yorùbá tọrọ ẹran. Tí èmi bá fi Faransé dá Màmá lóhùn, ìka rẹ̀ ti dé etí mi. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé, àlùmánákì ìjọ la máa mú sílẹ̀, màá kà á sókè, á máa bó ẹ̀gúsí, á máa tún àmì ohùn mi ṣe láìgbójú sókè. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni mo fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe nígbà tó jẹ́ pé Kamẹrúùnù ni wọ́n bí mi sí. Àwọn kan ládùúgbò ń pè wá ní Bìáfùrà nígbà yẹn, àwa tí a ò mọ ibi tí Bìáfùrà wà. Ó ní, "Tí wọ́n bá lé wa lọ́la, kí lo máa fi béèrè ọ̀nà nílé?"

Ìyá mi, tí mò ń pè ní Mọ́mì, ọmọ Bamiléké ni, ẹ̀yà kan ní Kamẹrúùnù, Ìjọ Àgùdà ló sì ń lọ. Bàbá mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ndokoti, ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè, ló rí i tó fẹ́ ẹ. Pé kì í ṣe Yorùbá, ìyẹn ò dun Màmá. Ó ní Ọlọ́run ló dá gbogbo ẹ̀yà. Àgùdà tó jẹ́ ló ń dùn ún. Bí ológbò méjì nínú ilé kan ni wọ́n rí: wọn kì í fi gbogbo ìgbà jà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń sùn fọnfọn.

Ní Ọjọ́rú Eérú kan, Mọ́mì mú mi lọ sí Mísà, Fádà fi eérú sàmì sí mi níwájú orí. A ò tíì wọlé tán tí Màmá fi tutọ́ sí etí ìró rẹ̀ tó fi nù mí lójú.

"Ta ló fi èédú kun ọmọ mi?"

"Màmá, ó fi ń rán wa létí ni," Mọ́mì dá a lóhùn pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ kọ. "Pé erùpẹ̀ ni wá."

"Mo rántí. Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sí mi níwájú orí."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bínú.

Ní ìgbà àwẹ̀ àwọn Àgùdà, Mọ́mì máa ń se ẹ̀wà àti ìrẹsì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á gbé e lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Màmá á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa wò ó.

"Ìyàwó, o fẹ́ fi ìrẹsì ra ọ̀run."

"Màmá, ebi ló ń pa wọ́n."

"Ebi ń pa wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá kú, Ọlọ́run ò ní bi ọ́ pé abọ́ mélòó lo bù."

Mọ́mì gbé ìkòkò sílẹ̀. "Kí ló máa bi mí?"

"Á bi ọ́ pé ta lo gbẹ́kẹ̀ lé."

"Tí mo bá ní òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, tí mo sì jẹun yó, tí mo jókòó, ṣé á gbà mí gbọ́?"

Màmá fi ṣíbí tọ́ ẹ̀wà náà wò. Lẹ́yìn náà ló ní iyọ̀ inú ẹ̀wà yẹn kò tó.

Ọ̀rọ̀ omi ló wá le jù láàárín wọn. Ìgbà tí mo pé oṣù kan ni Mọ́mì ti gbé mi lọ ṣe ìrìbọmi. Màmá ní wọ́n kàn ta omi sí mi lórí lásán ni, pé ọmọ tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀, kí ló gbà gbọ́? Mọ́mì ní tirẹ̀ kò fọ̀rọ̀ omi ṣeré. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò yẹ kí ọmọ kú láìgba omi yẹn, àti pé tí ọmọ bá ń kú lọ tí Fádà ò sí nítòsí, ẹnikẹ́ni lè dà á sí i lórí, ní orúkọ Bàbá àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe Mùsùlùmí, ì báà ṣe ọmọdé. Wọ́n kọ́ èmi náà ní katikísìmù. Mo mọ̀ ọ́n sórí ní Faransé.

Ọdún tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ní Bàkásì ni mo pé ọmọ ọdún méje. Bàkásì jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n inú ilé wa ni ìjà náà bọ́ sí. Àwọn agbófinró tó dira ogun máa ń dúró ní ìkóríta Ndokoti, wọ́n á ní kí ọmọ Nàìjíríà mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní séjúù. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti kọjá àkókò, ọkọ̀ ni wọ́n máa tì í sí. Màmá ò tilẹ̀ ní ìwé kankan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò yọjú síta.

Mọ́mì lóyún oṣù méje nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Bàbá mi sáré jáde lọ wá takisí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó wọlé, ojú rẹ̀ wú, bàtà rẹ̀ ti di ẹyọ kan. Wọ́n ti mú un ní ìkóríta. Aládùúgbò wa tó ní mọ́tò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà Bìáfùrà. Màmá bá mú àpò aláwọ̀ ewé rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé omi kaná, ó ní kí èmi dúró sí igun yàrá kí n máa mú ohun tí òun bá ní kí n mú wá.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó kéré, igbe rẹ̀ dà bíi ti òròmọdìyẹ, ètè rẹ̀ ò pupa. Màmá fa nǹkan ẹnu rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó fi aṣọ gbígbóná wé e, ó gbé e mọ́ àyà ara rẹ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, gbogbo ohun tí agbẹ̀bí mọ̀ ló ṣe. Nígbà tó yá, ó gbé ọmọ náà sórí ẹní, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Mọ́mì rí i bó ṣe ń nu ọwọ́.

"Màmá, omi," ó ní. "Lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yíjú sí mi, ó sọ fún mi ní Faransé kí n bu omi wá. Mo bu omi àmù sínú ife tánganran kan tó ní ìlà búlúù létí. Mọ́mì fẹ́ gbà á, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Màmá ló gbà á. Ó dúró pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́. Omi díẹ̀ ta sí i lẹ́sẹ̀.

"Omi ò gba ẹnikẹ́ni là, ìyàwó. Ọwọ́ Ọlọ́run lọmọ yìí wà. Mi ò ní fi irọ́ sìn ín lọ."

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Ọwọ́ yín nìkan ni mo ní."

"Mi ò lè ṣe é."

Mọ́mì tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ pa dé, ó dákú. Màmá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tún òwú tó wà nídìí rẹ̀ ṣe. Ó wo ọmọ náà, ó wo èmi, ó wá fi ife náà lé mi lọ́wọ́.

"Dì í mú. Mò ń lọ ká aṣọ lórí okùn. Màá pẹ́ díẹ̀."

Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó ní kí n dì í mú, mo dì í mú. Ọmọ rere ni mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí apá fi ń ro mí. Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀, èéfín ẹ̀yinná sì kún yàrá. Àyà ọmọ náà ń lọ sókè sódò, ó ń falẹ̀, ó wá dúró. Mo retí kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀fun mi gbẹ. Mo gbé ife náà sẹ́nu, mo mu omi inú rẹ̀ tán.

Ìgbà tí Màmá wọlé, gbogbo ara rẹ̀ ti rin, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ó kọ́kọ́ wo ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló gba ife lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ dé, ẹ̀kán omi kan ò kán sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ó ní. Ó wá fi aṣọ bo ọmọ.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Inú yàrá ni àgbà tiwa wà.

Mọ́mì ò pè é ní Màmá mọ́ láti ọjọ́ náà. "Ìyá àgbà yẹn" ló ń pè é, tó bá tilẹ̀ pè é. Inú ilé kan náà la wà, iná méjì la ń dá. Fádà ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún àánú Ọlọ́run, ó ní àánú Ọlọ́run fẹ̀ ju omi lọ. Mọ́mì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Fádà, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i. Lọ́dọọdún tí ọjọ́ náà bá pé, á tan àbẹ́là kan, á gbé e sójú fèrèsé, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá á máa wo àbẹ́là náà láti ìdí ààrò rẹ̀. Mo rí i lọ́dún kan tó la ẹnu bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan fún Mọ́mì, ó tún pa á dé. Mo rò pé ó fẹ́ bá a wí ni.

Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn. Kò rán mi lómi mọ́ láé. Orí ẹja tó máa ń bù fún bàbá mi tẹ́lẹ̀, èmi ló ń bù ú fún. Tí wọ́n bá wá dúpẹ́ pé ó gbẹ̀bí, kò sọ mọ́ pé òun kàn dúró síbẹ̀, orí ló ń mì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí òjò bá ń rọ̀ tí a bá jọ jókòó, á dá ẹ̀gúsí rẹ̀ dúró, á wò mí lójú. "Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?" Màá ní kò sí. Mo rò pé ṣúgà tí mo jí lá ló ń béèrè.

Ọdún tí wọ́n gbé Bàkásì lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá ni Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn. Rédíò ló sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń pa á lára dà lórí ẹní. Ó ní, "Gbogbo ìyọnu yẹn, wọ́n wá fọwọ́ gbé e kalẹ̀." Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn.

"Nígbà tí mo jáde lọ́jọ́ náà," ó ní, "o dà á, àbí?"

Ọdún mẹ́rìnlá, kò sí ẹni tó dárúkọ ife yẹn nínú ilé wa. Mo mọ èyí tó ń sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò lè wúwo jù lẹ́nu. Ó wù mí kí n sọ pé torí ó kọ́ mi pé kí n má máa parọ́ ni mi ò fi sọ ọ́. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kó dùn ún.

"Rárá, Màmá. Mo mu ún."

"O mu ún."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú là kedere. "Mo wo ife yẹn, ó gbẹ. Mo ní o ti dà á. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní o ti dà á. Ìdí tí mo fi jáde nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni mo rántí òjò. Òjò ń rọ̀ láti ìdájí lọ́jọ́ náà. Kò sí aṣọ kankan lórí okùn. Ó kàn lọ dúró sínú òjò ni, ó ń dúró dè mí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ohùn mi ti lọ sókè, mi ò sì bìkítà. "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ ọ́," ó ní, "èmi ni mo ṣe é."

Ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ló tún lò, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Omi ni mo ń fi ṣíbí fún un. Ìgbà míì á gbà á, ìgbà míì á jẹ́ kó ṣàn lọ sí àgbọ̀n.

Ẹ wá wo obìnrin tí Pásítọ̀ ń yìn. Ó fẹ́ kí omi náà kan orí ọmọ, kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun. Ó pa ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́ láìlábàwọ́n, ó fi ọ̀run ọmọ ọlọ́mọ sínú ife, ó gbé e fún ọmọdé, ó sì fún ọmọdé náà ní àṣẹ òdì. Kò sì sí ọjọ́ kan tó sọ fún Mọ́mì pé, "Ìyàwó, má sunkún mọ́, mo rò pé wọ́n dà á." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ì bá ti pa iná méjì yẹn pọ̀. Inú ń bí mi sí i. Ó ti wà nínú ilẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Mọ́mì wá síbi ìsìnkú. Ó jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí kò wọ̀ rí, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ gèlè tó ká sórí itan. Nígbà tí a délé, ó bi mí ní Faransé bóyá ìyá àgbà yẹn sọ nǹkan kan kó tó lọ.

"Nípa ọmọ mi," ó ní.

Tí mo bá sọ ohun tí Màmá ṣe fún un, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí èmi ṣe. Mọ́mì, tó bẹ̀bẹ̀ tó sì dákú, rò pé ọwọ́ ìyá àgbà ni ife yẹn wà títí ọmọ rẹ̀ fi kú. Kò mọ̀ pé ẹlòmíì ló dúró ti ọmọ náà níbẹ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, tí omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀.

"Kò sọ nǹkan kan," mo ní.

Ó mi orí. Ó lọ tan iná sí ààrò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, mo sì ní láti gbé e sílẹ̀ síbì kan. Mọ́mì lè fi Yorùbá kí ènìyàn, ó lè fi ná ọjà, ó lè fi bú ènìyàn tó bá yẹ. Kò lè kà á. Ìdí tí mo fi fi Yorùbá kọ èyí nìyẹn.